Bá a ṣe sọ òrùlé ilé ìwòsàn ńlá di ọgbà, láti orí kọnkéré dé orí ewé

Inú ìwé kékeré kan tí mò ń kì bọ àpò ní gbogbo àsìkò iṣẹ́ yìí ni mo ti kọ eléyìí jáde, torí náà tí ibì kan bá gùn tí ibòmíì sì kúrú, bí iṣẹ́ náà ṣe gba àkókò wa nìyẹn.

Iṣẹ́ ọ̀hún rèé. Ilé ìwòsàn ńlá ni, alájà púpọ̀, òrùlé ẹ̀ jẹ́ kọnkéré pẹrẹsẹ, wọ́n sì fẹ́ kí ewéko bò ó. Ibi méjì ló wà. Dẹ́kì òkè, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní máa rìn àfi àwa tá a ń tọ́jú ẹ̀, ilẹ̀ tín-ínrín la máa tẹ́ síbẹ̀, ká gbin àwọn ewéko kúkúrú tó ń fà nílẹ̀. Dẹ́kì ìsàlẹ̀ yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́ọ̀dù àwọn tó ń kọ́ ìrìn padà lẹ́yìn àìsàn, ibẹ̀ ni ọgbà gidi máa wà, ilẹ̀ jíjìn, igi kéékèèké, àga, ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ aláìsàn àti bẹ́ẹ̀dì lè gbà.

Mo ti ṣe òrùlé eléwéko fún ọ́fíìsì àti ilé ẹ̀kọ́ rí, mo rò pé mo mọ iṣẹ́ náà. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ní ilé ìwòsàn, ẹni tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ ò lè dìde kúrò níbẹ̀. Ní ọ́fíìsì, tí ariwo bá pọ̀ tàbí tí eruku bá ń bọ́, wọ́n á ní káwọn èèyàn lọ jókòó síbòmíì ná. Níbí, ẹni tó wà lábẹ́ dẹ́kì tí mò ń lù lè jẹ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Gbogbo nǹkan tá a yí padà nínú iṣẹ́ yìí, torí ẹni yẹn la ṣe yí i.

Ìpàdé àkọ́kọ́

Dókítà kan ló mú ìwé kan wá síbi ìpàdé, ó ní ká kà á ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ owó. Roger Ulrich ló kọ ọ́, ó jáde nínú ìwé ìròyìn Science lọ́dún 1984. Ó yẹ àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ àpò òróòro fún ní ilé ìwòsàn kan ní Pennsylvania wò, láti 1972 sí 1981, èèyàn 46, ó so wọ́n ní méjì-méjì, ẹnì kan fèrèsé ẹ̀ kọjú sí igi, ẹnì kejì kọjú sí ògiri bíríkì. Àwọn tó ń wo igi lo ọjọ́ 7.96 ní ìpíndọ́gba lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kí wọ́n tó lọ sílé, àwọn tó ń wo bíríkì lo 8.70, oògùn ìrora tó le táwọn tó ń wo igi gbà sì kéré sí ti àwọn yòókù. Èèyàn 46 ò pọ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gun òkè lọ́jọ́ yẹn tí mo wo ìsàlẹ̀ láti ojú fèrèsé wọ́ọ̀dù alájà karùn-ún, òkúta wẹ́wẹ́ àti páìpù ni mo rí, òkúta wẹ́wẹ́ àti páìpù nìkan, bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ kọjú síbẹ̀.

Wọ́n tún mẹ́nu ba àwọn tó ti ṣe é ṣáájú wa, bíi ilé ìwòsàn Khoo Teck Puat ní Singapore tí wọ́n ṣí lọ́dún 2010 tó ní oko lórí òrùlé, àti Boston Medical Center tó bẹ̀rẹ̀ oko tiẹ̀ lórí òrùlé lọ́dún 2017. Oko kọ́ la wá ṣe ní tiwa, ṣùgbọ́n ó fi ọkàn àwọn tó ń bẹ̀rù balẹ̀ pé kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ fẹ́ gbé iyẹ̀pẹ̀ gun orí aláìsàn.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: ìwọ̀n

Kó tó di ọ̀rọ̀ òdòdó, ọ̀rọ̀ kílò ni. Ìṣirò tí mo máa ń sọ fún gbogbo ọmọ iṣẹ́ ni pé omi tó ga ní mílímítà kan péré lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, lítà kan ni, lítà kan sì jẹ́ kílò kan. Torí náà iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ kọ́ lẹ máa wọ̀n o, iyẹ̀pẹ̀ tó ti mu omi yó lẹ máa wọ̀n, pẹ̀lú ewéko tó ti dàgbà, pẹ̀lú èèyàn tó dúró lórí ẹ̀.

Àwòrán ilé náà ti pẹ́, ìwé tí wọ́n kó fún wa ò sì bá ohun tá a rí mu níbi méjì, ni ẹnjiníà tó ń ṣírò agbára ilé bá ní ká gbẹ́ kọnkéré wò. Wọ́n gbẹ́ ihò róbótó mẹ́ta, ariwo ẹ̀ sì gba inú kọnkéré lọ síbi tá ò rò rárá. Kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí fóònù fi dún, nọ́ọ̀sì kan láti tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ, ni: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná, wọ́n ń gé nǹkan lọ́wọ́ níbí." A dúró. Látọjọ́ yẹn la ti ṣe òfin pé kò sí ẹ̀rọ kankan tó máa dún lórí òrùlé láìjẹ́ pé mo pe mátróònì àti tíátà lọ́jọ́ tó ṣáájú, tí wọ́n á sì sọ wákàtí tá a lè lò. Nígbà míì wákàtí méjì péré ni wọ́n máa ń fún wa lóòjọ́. A gbà á bẹ́ẹ̀.

Ohun tó gbà wá ni òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lórí dẹ́kì òkè tẹ́lẹ̀. Ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ìyẹn jẹ́ bíi kílò 80 sí 90 lórí mítà níbùú lóòró kan, ó sì ti wà níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti kọ́lé. Tá a bá kó o kúrò, ilé náà ti ṣetán láti gbé nǹkan míì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ òrùlé tó fúyẹ́, sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ, tó bá mu omi yó, ó máa lé díẹ̀ ní kílò 100. Ẹnjiníà wo agbára tó kù nínú kọnkéré, ó ní ó gbé e. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ náà nìyẹn, kò gbọ́dọ̀ di mẹ́wàá, mo sì kọ ọ́ pẹ̀lú bírò pupa.

Dẹ́kì ìsàlẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ torí igi fẹ́ ilẹ̀ jíjìn, ilẹ̀ 40 sẹ̀ǹtímítà tó ti mu omi yó lè lé ní kílò 500. A ò lè tẹ́ irú ẹ̀ káàkiri. Ohun tá a ṣe ni pé a mọ àwọn igi sí orí ibi tí òpó wà nísàlẹ̀ gan-an, ibi tó kù a fi fóòmù líle gbé e ga kí iyẹ̀pẹ̀ má pọ̀. Ẹni tó bá dé ọgbà yẹn máa rò pé bó ṣe wù wá la gbin igi, àwọn òpó ló yan ibẹ̀ fún wa.

Ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta: afẹ́fẹ́

Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí ìdènà àrùn ló wá bá mi lókè, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí irin ńlá kan tó ń hó wùù, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ táwọn aláìsàn mi ń mí ti ń wọlé?" Mo ní rárá. Ó fọwọ́ lé irin náà. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni sí ibi tí mo fẹ́ kó àwọn báàgì iyẹ̀pẹ̀ sí.

Ó wá là mí lóye. Nínú iyẹ̀pẹ̀ àti ewé tó ti jẹrà, olú kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Aspergillus, gbogbo wa là ń fà á símú lójoojúmọ́ tí kò sì ṣe wá ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀yà ara fún, tàbí tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, tí agbára ìdènà àrùn ara ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá, tó bá wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ó lè pa á. Ẹyọ èso olú yẹn kan kéré gan-an, máíkírọ́ọ̀nù méjì sí mẹ́ta ni (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà kan), atẹ́gùn lásán ló ń gbé e kiri. Fìlítà HEPA tí wọ́n fi sí yàrá àwọn tó gbẹgẹ́ jù máa ń mú 99.97 nínú 100 àwọn nǹkan tó jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 0.3, ìyẹn kì í jẹ́ kó wọ yàrá wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọ́ọ̀dù ló ní HEPA, àwọn aláìsàn kan náà yẹn sì ń gba kọ́rídọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò egungun.

Mo padà sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo sì tún gbogbo ètò wa kọ. Ètò àkọ́kọ́ ni pé ká fi páìpù àti ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn fẹ́ iyẹ̀pẹ̀ gòkè látinú ọkọ̀, torí ó yá, ó sì rọrùn, ọ̀pọ̀ òrùlé la ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún. A fagi lé e, torí kò sí bí èèyàn ṣe máa fẹ́ iyẹ̀pẹ̀ tí kò ní di kùrukùru. Inú báàgì ńlá tá a dì lẹ́nu ni gbogbo ẹ̀ máa gbà gòkè, a máa bu omi sí i kí báàgì tó kúrò nílẹ̀, títí tá a bá fún un lọ́wọ́ tí kò ní fi eruku sílẹ̀. Ìgbálẹ̀ gbígbẹ ò gbọ́dọ̀ kan òrùlé mọ́. A kó òkúta wẹ́wẹ́ àtijọ́ náà pẹ̀lú omi, díẹ̀díẹ̀, ẹrẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ló wà lábẹ́ ẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ilé náà fi fìlítà kún fìlítà lẹ́nu gbogbo ẹ̀rọ tó wà nítòsí, a sì máa ń yọ ọ́ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Fìlítà ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dúdú ju bí mo ṣe rò lọ, mo fi han àwọn ọmọ iṣẹ́, n ò sọ nǹkan kan, wọ́n rí i.

Iyẹ̀pẹ̀ náà fúnra ẹ̀, a yan èyí tí ohun jíjẹrà inú ẹ̀ kéré. Iyẹ̀pẹ̀ òrùlé kì í ṣe ti oko, púpọ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ amọ̀ tí wọ́n yan títí tó fi wú tó sì fúyẹ́, tàbí bíríkì tí wọ́n fọ́, tàbí òkúta òkè ayọnáyèéfín, kọ́mpọ́ọ̀sì inú ẹ̀ ò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá sí méjì lọ. Tí kọ́mpọ́ọ̀sì bá pọ̀, ó máa jẹrà, ilẹ̀ á sì rọ sílẹ̀. Ní tiwa, ìdí kejì wà fún un.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkeje: omi

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ka apá kan ṣoṣo, apá yìí ni kẹ́ ẹ kà.

Awọ adènà omi ni gbogbo òrùlé eléwéko gbára lé. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti bò ó, ojú ò tún ní rí i mọ́ fún bí ogójì ọdún tí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa, torí oòrùn tó máa ń jó o àti òtútù tó máa ń fún un ò ní dé ibẹ̀ mọ́. Tó bá jò, gbogbo ohun tẹ́ ẹ kó lé e lórí lẹ máa kó kúrò. Ní ilé ìwòsàn, ibi tó máa jò sí lè jẹ́ orí ẹ̀rọ tó ń bá ẹnì kan mí.

Awọ oníná la mọ̀ jù, èyí tí wọ́n ń fi iná gáàsì yọ́ lẹ̀ mọ́ kọnkéré. A ò lò ó. Páìpù ọ́síjìn gba ẹ̀gbẹ́ ògiri òkè yẹn kọjá, èéfín ọ̀dà sì máa wọ ẹnu ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tààrà. Èyí tó ń lẹ̀ fúnra ẹ̀ la lò, ìpele méjì, èyí tó wà lókè ní oògùn adènà gbòǹgbò nínú. Àwọn ará Jámánì ní ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ FLL, ìwé ìlànà wọn ni púpọ̀ nínú àwa tá à ń ṣe iṣẹ́ yìí ń tẹ̀ lé, ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi máa ń gbin igi sórí awọ láti wò ó bóyá gbòǹgbò máa gún un. Èyí tó yege nínú ìdánwò yẹn nìkan la rà.

Lẹ́yìn awọ la wá dí gbogbo ihò omi, a da omi sí i, sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, a fi í sílẹ̀ fún wákàtí 48. Ẹ rántí ìṣirò omi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn kílò 50 lórí mítà níbùú lóòró kan, ẹnjiníà ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹni tó ń tọ́jú ilé pè mí wá sí yàrá kékeré kan tí wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí. Àjà yàrá náà tutù níbì kan, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ara mi tutù ju àjà náà lọ.

A fa omi kúrò, a gun òkè lọ sí ibi tó bá ọ̀gangan yàrá náà mu, awọ ibẹ̀ dán, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ìdí tá ò fi rí nǹkan kan ni pé omi kì í jábọ́ níbi tó ti wọlé, ó máa rìn lórí kọnkéré títí tó fi máa rí ibi tó sán. Ni a bá pe àwọn tó ń fi iná mànàmáná wá ihò. Wọ́n fi wáyà yí etí òrùlé ká lórí awọ, wọ́n so wáyà kejì mọ́ irin inú kọnkéré, wọ́n wá wọ́n omi káàkiri orí awọ. Iná náà kéré gan-an, kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Awọ kì í jẹ́ kó kọjá, àfi tó bá rí ihò, á gba inú omi sá wọ ihò lọ sínú kọnkéré. Ẹni tó ń wá a mú ọ̀pá méjì dání, ó ń gún un sínú omi bó ṣe ń rìn, ọwọ́ ẹ̀rọ tó wà lọ́rùn ẹ̀ sì ń tọ́ka sápá ibi tí iná ń sá lọ. Mo rìn tẹ̀ lé e. Ó yí, ó padà, ó kúnlẹ̀, ó fi tísù nu ojú ibẹ̀, ó ní kí n fi ìka kàn án. N ò rí nǹkan kan, ìka mi ló mọ̀ ọ́n, ó gún mi fín-ín. Ẹ̀rún irin ni, kò gùn ju ìdajì hóró ìrẹsì lọ, ó ti wọnú awọ tán. Mítà mẹ́rin ló fi jìnnà sí ọ̀gangan ibi tí àjà ti tutù.

Ibi tí irin náà ti wá ò ṣòro mọ̀. Àwọn tó ń ṣe irin ìdábùú etí òrùlé gé irin lórí awọ tá a ti parí, ẹnì kan sì fi bàtà tẹ ohun tó jábọ́. Èmi ni mo gbà fún wọn láti gé e níbẹ̀ torí a ti pẹ́ lẹ́yìn ètò, torí náà ọwọ́ mi ló ti wá. A tún ibẹ̀ ṣe, a fi awọ róbótó bò ó, a tún da omi sí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i fún wákàtí 48 míì, mo sì sùn nínú mọ́tò mi nísàlẹ̀ ilé náà lóru méjèèjì. Kò jò. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gé nǹkan kan lókè, ilẹ̀ ni wọ́n ti máa gé e kí wọ́n tó gbé e wá, orí awọ sì gba aṣọ nínípọn lọ́jọ́ kan náà tá a bá ti parí ẹ̀.

Ohun kan tó yẹ kẹ́yin tẹ́ ẹ máa ṣe irú ẹ̀ mọ̀: ìdánwò oníná yìí ṣeé ṣe torí pé orí kọnkéré gan-an ni awọ wa lẹ̀ mọ́, fóòmù tó ń dí ooru wà lókè awọ. Tí fóòmù bá wà láàárín awọ àti kọnkéré, iná ò ní rí ọ̀nà, àfi tẹ́ ẹ bá ti tẹ́ àwọ̀n irin sábẹ́ awọ látìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ìpele tó kù yá. Fóòmù, páálí róbà oníkòtò tó ń di omi díẹ̀ mú tó sì ń jẹ́ kí èyí tó kù ṣàn lọ, aṣọ asẹ́ tí kì í jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ wọ inú páálí náà, kó tó wá kan ilẹ̀. Etí òrùlé yíká, sẹ̀ǹtímítà 50, òkúta la fi sí i, kì í ṣe ewéko, torí iná àti torí atẹ́gùn tó máa ń fà sókè jù létí àti ní igun. Gbogbo ihò omi la gbé àpótí onídèérí lé lórí kí èèyàn lè máa ṣí i wò.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ: kúrénì àti hẹlikọ́pítà

Ibi tí hẹlikọ́pítà tó ń gbé aláìsàn máa ń bà sí wà lórí ilé kejì, ó ga ju tiwa lọ. Ọwọ́ kúrénì ò gbọ́dọ̀ wà lókè tó bá ń bọ̀. Wọ́n fún wa ní fóònù kan tó jẹ́ pé ìdí ẹyọ kan ló fi máa ń dún, tó bá ti dún, báàgì tó wà lófuurufú máa sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ kúrénì á tẹ̀, gbogbo wa á kúrò lókè. Lọ́jọ́ tá à ń gbé iyẹ̀pẹ̀, ó dún lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sẹ́ni tó kùn. Atẹ́gùn tí hẹlikọ́pítà náà ń fẹ́ sílẹ̀ lágbára débi pé ó gbé aṣọ asẹ́ tá ò tíì fi nǹkan tẹ̀ lójú wa, torí ẹ̀ la fi pinnu pé lápá ọ̀dọ̀ yẹn, a ò ní gbin ewéko lẹ́yọ-lẹ́yọ, ẹní tí wọ́n ti gbin ewéko sí tẹ́lẹ̀ tó ti so pọ̀ la máa tẹ́, pẹ̀lú àwọ̀n lábẹ́ ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án: ẹnu ọ̀nà

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó jáde sí dẹ́kì ìsàlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ da gbogbo iṣẹ́ rú. Òfin omi ni pé awọ gbọ́dọ̀ gun ògiri àti ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn tó sẹ̀ǹtímítà 15 ju ojú ilẹ̀ òde lọ, kí omi òjò má bàa wọlé. Òfin aláìsàn sì ni pé kò gbọ́dọ̀ sí gegele kankan lẹ́nu ọ̀nà, torí kẹ̀kẹ́, torí ọ̀pá tí wọ́n ń gbé omi ìtọ́jú kọ́, torí ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn oṣù méjì. Òfin méjèèjì ló tọ́, ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn kan náà ni wọ́n sì ń bá jà.

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ìrìn gbé ọ̀pá kan tí wọ́n so báàgì omi kọ́ wá, ó ní kí n tì í kọjá lórí pákó tí mo fẹ́ fi ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Táyà ẹ̀ ò tóbi ju owó ẹyọ lọ. Ó kọ́ pákó, ọ̀pá náà tẹ̀ síwájú, báàgì náà sì fì. Ó wò mí, ó ní, "Bùọ̀dá, ọwọ́ wọn ni òpin okùn yẹn wà o." Mo kó pákó náà dànù.

Ohun tá a ṣe nìyí. A gbẹ́ ojú omi tóóró kan síwájú ilẹ̀kùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fífẹ̀ ẹ̀, irin oníhò wẹ́wẹ́ bò ó, ihò rẹ̀ kò fẹ̀ tó táyà ọ̀pá yẹn. Òkúta ìtẹ̀lẹ̀ tó tẹ̀ lé e dúró lórí ẹsẹ̀ róbà kéékèèké, kò fara kan awọ, omi ń gba abẹ́ ẹ̀ lọ. Awọ náà wà nísàlẹ̀ lábẹ́ àwọn òkúta yẹn, ó sì gun ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn dáadáa, ẹsẹ̀ tí ń rìn lókè ni kò mọ̀. A tún fi ìbòrí kékeré sókè ilẹ̀kùn kí òjò má bàa lù ú tààrà. A fi páìpù da omi lù ú fún wákàtí kan, inú ilé gbẹ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko lórí ilẹ̀kùn kan, mo sì máa tún lo ọ̀sẹ̀ kan sí i tó bá tún di dandan.

Ọ̀sẹ̀ kẹwàá sí ìkọkànlá: bíbomi àti gbígbìn

Ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi sókè ò sí nínú iṣẹ́ yìí rárá. Kòkòrò Legionella, tó ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, máa ń gbèrú nínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, láàárín 20 sí 45 lórí òṣùwọ̀n Celsius, páìpù tó wà lójú oòrùn lórí òrùlé sì máa ń wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Tẹ́ ẹ bá wá fọ́n irú omi yẹn di ìkùukùu, ẹnu ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ á fà á. Páìpù oníhò tó ń kán tótó sínú ilẹ̀ la rì mọ́lẹ̀. Kò sí ẹ̀ka páìpù kankan tó parí síbì kan tí omi á ti dúró, a máa ń ṣí òpin ẹ̀ kó ṣàn jáde, a sì ya á kúrò lára omi mímu ilé ìwòsàn pẹ̀lú ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn. Ẹbí kòkòrò yìí kan tó ń jẹ́ Legionella longbeachae wà nínú iyẹ̀pẹ̀ inú báàgì náà, torí ìyẹn la ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú tá a bá ń ṣí báàgì, tá a sì ń fọwọ́ ká tó jẹun.

Sedum, ọ̀kan lára àwọn ewéko kúkúrú tó ń fà nílẹ̀ yẹn, ló pọ̀ jù lórí dẹ́kì òkè. Ewé ẹ̀ nípọn, ó ń fi omi pamọ́, òru ló sì máa ń la ojú ihò ara ewé láti mí, ó á pa á dé lọ́sàn-án kí oòrùn má fa omi ẹ̀ tán. Nínú sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ, ewéko tó mọ irú ọgbọ́n yẹn ò pọ̀.

Nísàlẹ̀, ohun tá ò gbìn ló gba àkókò jù. Oleander, igi òdòdó kan, rẹwà, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n gbogbo ara ẹ̀ ló ní májèlé, a yọ ọ́. Ohun ẹlẹ́gùn-ún, a yọ ọ́. Òdòdó olóòórùn líle náà, a yọ ọ́, nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù jẹjẹrẹ ló ṣàlàyé pé òórùn dídùn tó pọ̀ lè mú kí ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ bì. Kò sí adágún, torí ẹ̀fọn. Àwọn pèpéle tá a gbin ewéko sí ga tó sẹ̀ǹtímítà 70 kí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè fọwọ́ kan ewé láìbẹ̀rẹ̀, ọ̀nà fẹ̀ tó mítà kan àtààbọ̀ níbi tí kẹ̀kẹ́ ti máa yí. Òkúta ìtẹ̀lẹ̀ funfun la kọ́kọ́ yàn, a dá a padà nígbà tá a rí bí oòrùn ṣe ń ta láti ara ẹ̀ sójú ẹni tó bá sùn gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, a mú aláwọ̀ eérú. Kéèyàn sùn lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ wò nìkan ló fi lè mọ̀ ọ́n, mo sì sùn ún.

Òjò àkọ́kọ́

Òjò ńlá rọ̀ lóru ọjọ́ Sátidé. Mo débẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí. Nínú ihò omi mẹ́fà tó wà lókè, márùn-ún ń ṣàn lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìkẹfà dákẹ́. Mo ṣí àpótí ẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n fi wé ẹní ewéko ló di ẹnu ẹ̀, mo fà á yọ, omi gbó kùù ó sì lọ. Tí kò bá sí àpótí onídèérí yẹn, abẹ́ ilẹ̀ ni ǹ bá ti máa wá a. Mo sọ̀ sí yàrá aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mo gun àkàbà, mo fọwọ́ pa àjà ẹ̀ káàkiri. Ó gbẹ.

Ọjọ́ kejìlélógún lẹ́yìn tá a parí

Mo lọ tu koríko. Ọmọ igi máa ń hù lórí òrùlé láti inú èso tí ẹyẹ àti atẹ́gùn gbé wá, èyí tí wọn ò bá tètè tu, gbòǹgbò ẹ̀ ló máa wá awọ lọ. Mo tu mẹ́tàdínlógún lókè. Igun ìlà oòrùn ṣì pá díẹ̀, a máa tún ẹní tẹ́ síbẹ̀.

Nígbà tí mo sọ̀ sí dẹ́kì ìsàlẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí, nọ́ọ̀sì méjì ń ti bẹ́ẹ̀dì kan bọ̀ níta, bàbá àgbàlagbà kan ló wà lórí ẹ̀, ọ̀pá omi ìtọ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo dúró, ojú mi ò kúrò lára táyà. Ti iwájú gun irin oníhò, ó kọjá, ti ẹ̀yìn kọjá, ti ọ̀pá náà kọjá, báàgì náà ò mì. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú ara líle." Wọ́n ò dá mi lóhùn, ojú wọn wà lókè, wọ́n ń wo bí ewé ṣe ń jì. Wọ́n bi nọ́ọ̀sì bóyá wọ́n lè fi àwọn síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sà. Mo gba ẹ̀yìn lọ kí n má bàa dí wọn lójú, mo lọ ṣí òpin páìpù kí omi ọ̀sẹ̀ yẹn ṣàn jáde.